Ta Ló Fọwọ́ Kan Adìyẹ?

Ọmọ àbúrò mi kan wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Ó ní òun fẹ́ ṣe dókítà, wọ́n wá fún òun ní ẹ̀kọ́ dókítà ẹran ní yunifásítì. Bó ṣe ń pe "ẹran" yẹn, ẹ ó rò pé wọ́n ní kó lọ máa gbá títì ni. Mo ní kó sunkún rẹ̀ tán kó tó jókòó, nítorí àga mi kò fẹ́ omi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, kí n má baà máa tún un sọ fún gbogbo ọmọ tó bá tún fi ẹkún wá mi wá. Ara mi ò gbà á mọ́.

Iṣẹ́ tí èmi ṣe láyé mi, ìwádìí àrùn tó ń ràn láàárín ẹranko ni, pàápàá adìyẹ. Èmi kì í ṣe dókítà. Òṣìṣẹ́ làbù ni mí. Mo kàwé rẹ̀, mo gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n gbà mí síṣẹ́. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Owó ìjọba ni, kò pa wá, kò sì sọ wá di olówó. Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ni ibi iṣẹ́ wa wà, ẹ̀ka kékeré kan tí olú iléeṣẹ́ wa, tó jìnnà sí Èkó, dá sílẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó wọ Fẹ́sítákì lẹ́yìn àjọ̀dún ńlá tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Ọ̀dà ara ògiri ò tíì gbẹ tán, gbogbo ilé sì jọra wọn. Lọ́sẹ̀ tí a kó dé, ọkọ mi lọ ń kan ilẹ̀kùn ilé onílé, ó ń bínú pé mi ò tètè ṣí i fún òun. Ìyàwó onílé ló ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí à ń ṣe, kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ má baà rú yín lójú. Àrùn kan wà tí àwọn ìyá wa ń pè ní lúkúlúkú. Bó bá wọ agboolé, adìyẹ á máa tòògbé, ìgbẹ́ rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ á lọ́, kó tó pẹ́, ilé á dákẹ́, ẹ ò ní gbọ́ kí àkùkọ kan kọ mọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n inú yìnyín ló ń gbé. Ìyá tó ń sin adìyẹ díẹ̀ lẹ́yìn ilé ní abúlé, níbo ló ti fẹ́ rí yìnyín? Ọ̀gá wa, Dókítà Adéoyè, ń wá èyí tó máa fara da oòrùn, tí èèyàn lè gbé sínú apẹ̀rẹ̀ rìn dé oko. Ìyá tó bí i ló ń fi owó adìyẹ rán an níléèwé, títí lúkúlúkú fi kó gbogbo rẹ̀ lọ lọ́dún kan, tí ọmọ sì jókòó sílé lọ́dún náà. Kò sọ ọ́ fún wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Iṣẹ́ náà ń béèrè ẹyin, nítorí inú ẹyin la ti ń tọ́ egbòogi àjẹsára náà, ẹyin adìyẹ tí kò rí àrùn rí, tí kò gba abẹ́rẹ́ rí. A ní irú agbo bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ló tọ́ wọn látinú ẹyin, láti ìran dé ìran, nínú ilé onínẹ́ẹ̀tì tí ọgbà méjì yí ká. Bí lúkúlúkú bá kan ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, gbogbo wọn la máa pa, a ó sun wọ́n, làálàá ọ̀pọ̀ ọdún á sì di eérú. Olú iléeṣẹ́ sì ti kìlọ̀ pé bí iṣẹ́ náà bá tún fìdí rẹmi, àwọn máa ti ẹ̀ka náà pa. Agbo yẹn ni gbogbo ohun tí Ọ̀gá ní.

Ìdí nìyẹn tí òfin rẹ̀ fi le. Òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ sin adìyẹ nílé. O lè jẹ ẹ́ tí ẹlòmíràn bá pa á tó sì sè é, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan alààyè tàbí òkú rẹ̀ tútù. Lọ́dọọdún, ilé àbúrò ọkọ mi ní Alákijà ni a ti ń pa adìyẹ Kérésì wa, ìyá ọkọ mi sì sọ fún gbogbo ayé pé ìyàwó ọmọ òun kò lè tu ìyẹ́ adìyẹ. Kí a tó wọlé, a máa wẹ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, a máa pàrọ̀ bàtà àti aṣọ, a máa tẹ omi apakòkòrò mọ́lẹ̀. Bí Ọ̀gá ò bá sí nítòsí, Bàbá Ọlọ́ṣẹ là ń pè é. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ó máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á béèrè lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ta ló fọwọ́ kan adìyẹ?" Bí o bá sọ òtítọ́, kò sí ìjìyà, ìta ọgbà lo ti máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí o bá purọ́ tí àṣírí tú, o máa lọ ilé ni. Ó ti lé ẹnì kan bẹ́ẹ̀ kí n tó dé.

Ọ̀gá yìí kì í pariwo. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ọ̀gá tó ń pariwo ló burú. Ẹ ò tíì rí èyí tó ń rẹ ohùn sílẹ̀. Ìgò ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀, ìgò ní àárọ̀, ìgò ní ọ̀sán, títí èékánná mi fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé mi wọ yàrá òkùnkùn tí a ti ń wo ẹyin. Agolo mílíìkì tí a dá ihò sí ni, gílóòbù iná wà nínú rẹ̀. Wàá gbé ẹyin sẹ́nu ihò náà, iná á gba inú rẹ̀ kọjá, wàá sì rí iṣan pupa tín-tìn-tín bí òwú, ọmọ inú rẹ̀ á mira. Èyí tó ti kú, iṣan rẹ̀ á ti parẹ́.

Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kan, mo wo odidi àwo ẹyin, mo ní gbogbo rẹ̀ ló wà láàyè. Ọ̀gá mú ọ̀kan nínú rẹ̀, ó fọ́ ọ sínú abọ́. Ó ti kú, ó ti ń rùn. Òun fúnra rẹ̀ ló tì í sáàárín wọn.

"Àdùkẹ́, ojú rẹ ń wò, kò rí," ó ní.

Ó ní kí n tún gbogbo rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n tún un wò. Mo sunkún nínú òkùnkùn yẹn, mo fi apá nu ojú, mo ń wò. Bọ̀dá Mùfútáù, tó ń fún àwọn adìyẹ lóúnjẹ, tó sì ti pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo wa lọ, ní kí n fara balẹ̀. "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ó ní. Mo ní mi ò rí oyin kankan, ẹyin tó ń rùn ni mò ń rí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ìgbà yẹn, sírìnjì onígíláàsì là ń lò. A máa sè é, a máa pọ́n abẹ́rẹ́ lára òkúta nígbà tó bá kú. A fi ìda àbẹ́là ń dí ihò ara ẹyin. Bí wọ́n bá mú iná lọ, a máa sáré gbé àtùpà kẹrosíìnì sábẹ́ àpótí tí ẹyin wà kí òtútù má baà pa wọ́n, yìnyín wa sì ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja ní Agbojú, nítorí náà gbogbo làbù ń rùn bí ẹja tútù. Lẹ́yìn náà ni sírìnjì onírọ́bà dé, tí wọ́n ń lò sọnù. Ó dun Bọ̀dá Mùfú gan-an, ó ní ìnákúnàá ni. Fìríìsà tó le dé, jẹnẹrétọ̀ dé. Kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀rọ kan ti dé tí wọ́n ń fi itọ́ ẹnu adìyẹ sí nínú, tó máa sọ irú àrùn tó wà lára rẹ̀ kí o tó jẹun ọ̀sán tán. Mo lò ó, mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sí lára àwọn àgbà tó ń sọ pé ti àtijọ́ ló dára. Sísè sírìnjì kò dára, ó jó mi lọ́wọ́. Mo ṣiṣẹ́ náà dé orí àga ọ̀gá làbù. Mo ṣe ti ajá dìgbòlugi, mo ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀, mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti di dókítà lónìí, irun mi sì funfun síbẹ̀.

Mo ti sáré kọjá gbogbo ìyẹn nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣì kù. Ọ̀rọ̀ ìkórè ni.

Ìjọ wa ní Fẹ́sítákì kò tíì ní ilé nígbà náà, inú kíláàsì iléèwé kan la ti ń sìn. Wọ́n fi Ọ̀gá ṣe alága ìkórè lọ́dún náà. Ẹ̀yin náà mọ bí ìkórè ṣe rí. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́, adìyẹ láti gbogbo ilé. Wọ́n á so àwọn adìyẹ lẹ́sẹ̀ papọ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì kan, lẹ́yìn ìsìn wọ́n á lu gbogbo rẹ̀ ní gbàǹjo, adìyẹ ilé kan á sì bá ẹlòmíràn lọ sí ilé kejì. Bí ẹ bá ní kí n wá ọ̀nà tó yá jù láti pín lúkúlúkú ká gbogbo àdúgbò, mi ò ní rí tó dára ju ìyẹn lọ. Mo bá ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin sọ ọ́, pé kí wọ́n gba iṣu dípò adìyẹ lọ́dún yìí.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Adìyẹ tó ti wọ ilé Ọlọ́run, àrùn wo ló kù lára rẹ̀?"

Mo bá gbé iṣu tèmi wá. Ọ̀gá náà ti bá pásítọ̀ sọ ọ́, wọ́n sì gbà pé ẹ̀yìn kíláàsì ni àwọn adìyẹ máa wà, wọn ò ní gbé wọn dé ọ̀dọ̀ alága.

Ìyá arúgbó kan wà nínú ìjọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Agbojú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, ajá kan gé ọmọ-ọmọ rẹ̀ jẹ. Ọ̀gá ló wá ajá náà kàn, ló yẹ orí rẹ̀ wò ní làbù wa, ló rí i pé dìgbòlugi ni, ló sì gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù kó tó pẹ́ jù. Ọmọ náà yè. Nígbà tí gbàǹjo ń lọ lọ́wọ́, ìyá yìí dìde, ó gbé àgbébọ̀ adìyẹ pupa kan dání, ó ń bọ̀ níwájú.

"Wọn ò ní lu èyí ní gbàǹjo," ó ní. "Ti Dókítà ni. Ọmọ mi ì bá ti kú."

Ó wá fẹ́ kúnlẹ̀. Arúgbó tó tó bí Ọ̀gá lọ́mọ. Ọ̀gá fò dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì kó lè gbé e dìde, ìyá sì gbé adìyẹ náà lé ọwọ́ méjèèjì. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo wà láàárín ẹgbẹ́ akọrin ò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Kó ju adìyẹ ọpẹ́ sílẹ̀ lójú arúgbó? Ó gbá a mọ́ra, ó dúpẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì gbé e lọ sílé.

Nílé lọ́jọ́ náà, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó ní kí ló kàn mí, pé Ọ̀gá mọ ohun tó ń ṣe. Mo ní bóyá á sọ fúnra rẹ̀. "Àgbàlagbà ni," ọkọ mi ní, "á sọ."

Ó di ọjọ́ Ajé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ẹyin tí a ti ń tọ́jú tó àkókò tí wọ́n máa gba egbòogi tuntun náà. Bí àkókò yẹn bá kọjá, ọmọ inú wọn á ti dàgbà jù, wọn ò ní wúlò mọ́. Ọ̀gá nìkan ló sì ń gún wọn lábẹ́rẹ́. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bí ìṣe rẹ̀, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀.

"Èmi kọ́, sà," Bọ̀dá Mùfú ní. "Ìmàle kì í lọ ìkórè."

"Èmi kọ́, sà," èmi náà ní.

Ọ̀gá fi orí gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀.

Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ lára okùn bàtà yẹn. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. Ọkùnrin tó lè kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ni. Wọ́n kọ́ mi láti kékeré pé a kì í bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ti adìyẹ tó bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bàtà kan ti bọ́. Nínú ilé lọ́hùn-ún, mò ń gbọ́ àwọn adìyẹ tó ń wá oúnjẹ àárọ̀.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà?"

Bọ̀dá Mùfú kọjú sí ògiri. Ọ̀gá gbé ojú sókè láìnàró.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìbéèrè yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó wọ bàtà rẹ̀ padà. Ó so okùn rẹ̀ dáadáa, ó jáde kúrò nínú ọgbà àkọ́kọ́, ó jáde kúrò nínú ìkejì, ó lọ jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níta. Ó wà níbẹ̀ títí oòrùn fi mú.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," Bọ̀dá Mùfú sọ fún mi. "O ti lé bàbá jáde nínú ilé tó kọ́. Ta ló wá máa gún ẹyin?"

Èmi ni mo gún un. Ọ̀gá ní kí n gbé tábìlì sún mọ́ fèrèsé yàrá tó kọjú síta, òun sì dúró lẹ́yìn ọgbà, ó ń gbóhùn sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ kí n lè gbọ́. "Má fi agbára sí i. Yí i díẹ̀. Jẹ́ kó wọlé fúnra rẹ̀." Mo ba àwọn kan jẹ́. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bá ṣe é dáadáa, ó máa ní kí n mú òmíràn. Báyìí ni a ṣe é lójoojúmọ́, òun níta, èmi nínú. Kò sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ Ajé, ọkọ mi sì ní kí n ṣe sùúrù, pé ó lè jẹ́ pé ó ń dúró kí iṣẹ́ parí kó tó lé mi ni. Mi ò sùn dáadáa.

Kò pẹ́ sí i ni adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Fẹ́sítákì. Ó ń lọ láti ilé kan sí èkejì, òkú adìyẹ wà nínú gọ́tà, wọ́n ń kó wọn sínú àpò wá sí gẹ́ètì wa, a sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sún mọ́ ọ̀dọ̀ wa. Ti olórí ẹgbẹ́ obìnrin tán pátápátá, ó ní ayé ló ń bá òun jà. Àwọn obìnrin tó ń fi adìyẹ gbọ́ bùkátà ń sunkún lójú títì, inú mi sì bàjẹ́, nítorí mo mọ ibi tó ti wá, mi ò sì lè fi ohunkóhun ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní àárọ̀, Bọ̀dá Mùfú kì í tètè ṣí ilẹ̀kùn ilé adìyẹ wa mọ́. Ó máa gbé etí lé e ná, kó gbọ́ bóyá wọ́n ń ké.

Ní ọjọ́ kan, ní ọ̀sán, Ọ̀gá dé. Kò wá sí ibi tó máa ń dúró sí lẹ́bàá ọgbà. Ọ̀ọ́kán ló dúró sí, níbi títì, ó sì ní kí n má sún mọ́ òun.

"Adìyẹ ìyá yẹn ti kú," ó ní. "Mo là á lẹ́yìn ilé. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀ káàkiri. Òun náà ni."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Ọkọ̀ kan kọjá, ó dúró kó kọjá tán.

"Mi ò gbàgbé lọ́jọ́ Ajé yẹn, Àdùkẹ́. Má rò pé mo gbàgbé. Mo mọ̀ pé mo ti fọwọ́ kàn án. Mo ro ti ẹyin tó ti tó àkókò, mo ní mo ti fi ọṣẹ wẹ̀, kò lè ṣe nǹkan kan. Mò ń wọlé lọ ni, kó o tó bi mí."

Mo di nẹ́ẹ̀tì ọgbà mú. Omi bọ́ lójú mi, kì í ṣe ti ìbẹ̀rù lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀gá rí i, ó gbé ojú kúrò.

"Àkókò ti tó láti yẹ ẹyin wò," ó ní. "Wọlé lọ."

Ó yíjú padà, ó ń lọ sí ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo wẹ ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́, mo pàrọ̀ bàtà, mo wọlé. Bọ̀dá Mùfú ti da oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn adìyẹ, gbogbo wọn sì ń tara wọn dànù láti jẹun.